Òkúta Kan Ṣẹ́kù Lórí Ẹní

Kí oòrùn tó yọ lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣí bàráàjì fún ẹja pípa ni àyà Odette ti ń já. Omi kọ́ ló ń bẹ̀rù. Ọmọ Lèma ni, ó mọ bí a ti ń fọwọ́ mú ẹja nínú ẹrẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ, kò sì sí àrọ̀ tó lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òkúta ló ń bẹ̀rù. Ẹ lè máa rò ó pé kí ni òkúta kékeré lè fi ọmọ ènìyàn ṣe. Ẹ fara balẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Bàráàjì tí mò ń sọ yìí, àwọn òyìnbó ló sé odò láàárín Gbaffo àti Lèma nígbà tí ìjọba wọn kù díẹ̀ kó kógbá sílé, kí ènìyàn àti màlúù lè rí omi mu lẹ́ẹ̀rùn. Wọ́n ṣe é dáadáa, n ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi mọ ògiri tó dá omi dúró, ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn náà ni wọ́n ti wà á, nígbà tí wọ́n sì parí iṣẹ́, wọn ò dí kòtò rẹ̀. Wọ́n gun ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ. Àwa la wá ń bá kòtò gbé. Nígbà òjò, omi bò ó mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀. Ẹ̀rùn ni wàhálà. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, tí omi fà sẹ́yìn títí tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ fi là bí àtẹ́lẹsẹ̀ arúgbó, gbogbo ẹja á sá jọ sínú ìwọ̀nba omi tó kù nídìí ògiri, àwọn ènìyàn náà á sì tẹ̀ lé ẹja lọ. Ẹrẹ̀ tó wà nínú kòtò yẹn rọ̀ bí ògì. Bó bá ti gba ẹsẹ̀ mú, kì í fẹ́ dá a padà.

Ọdún kejì tí wọ́n kọ́ bàráàjì ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zéphirin wọ ibẹ̀ tí kò jáde. Ohun tó dun àwọn ará Gbaffo jù ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n pa ẹja, wọ́n pín ẹja, wọ́n ń kọrin lọ sílé, àfìgbà tí ìyàwó rẹ̀ bu oúnjẹ alẹ́ tán tó ń bi ará ilé léèrè pé ọkọ òun dà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó fi okùn fà á jáde. Láti ìgbà náà ni Bàbá Ignace, alábòójútó omi náà, ti dá òfin òkúta sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ omi, á mú òkúta kan, á gbé e sórí ẹní tí bàbá tẹ́ síwájú ara rẹ̀ lábẹ́ igi ẹ̀mì. Bó bá jáde, á mú òkúta kan kúrò lórí ẹní, á jù ú nù. Bí gbogbo ènìyàn bá jáde tán tí ẹní ṣófo, ẹ dúpẹ́, ẹ lọ sílé. Bí òkúta bá ṣẹ́kù, ẹnì kan ń bẹ nínú omi nìyẹn.

Òfin tó dáa ni, èmi ò bá a jà. Àwọn obìnrin ló wá fi tiwọn kún un. Wọ́n ní òkúta méjì ni aláboyún gbọ́dọ̀ gbé sílẹ̀, nítorí ẹni méjì ló wọ omi, kó sì mú méjì nígbà tó bá ń lọ. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní katikísì bá wọn wí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ìgbàgbọ́ asán ni. Àwọn kan gbọ́ tirẹ̀. Marguerite wà lára wọn, obìnrin tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún nígbà náà. Òkúta ẹyọ kan ló gbé sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Nígbà tó bímọ, ọmọ náà kò ké. Àwọn àgbà obìnrin ní omi ló mú ẹni tí a kò kà. Olùkọ́ tún sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, gbogbo obìnrin fetí sí i, wọ́n ṣe àmì àgbélébùú, wọ́n sì pinnu lọ́kàn pé òkúta méjì ni.

Odette náà wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa kan òun.

Ó ti lóyún oṣù mẹ́ta báyìí. Ìyẹn nìkan kì bá tí burú, ó tilẹ̀ yẹ kí wọ́n bá a yọ̀, nítorí ọdún mẹ́rin ló ti wà nílé ọkọ tí kò gbọ́ ìró ọmọ. Ṣùgbọ́n Évariste ọkọ rẹ̀ ti lọ sí oko kòkó lọ́nà Ìbàdàn, ó ti pé oṣù mẹ́rìndínlógún tó ti fojú kàn án gbẹ̀yìn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ni oyún náà ni Séverin, másọ̀n kan tó wá láti Savalou wá mọ ilé ìwé. Ó mọ ilé ìwé tán, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ti lọ kí Odette tó mọ̀ pé ara òun ti yàtọ̀. N ò ní gbèjà Odette, n ò sì ní bú u. Ẹni tó bá ti dá sùn fún oṣù mẹ́rìndínlógún rí, kó wá jókòó tì mí, ká jọ sọ̀rọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, wọn á gbé àpótí rẹ̀ síta. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Bàbá tó bí i ní Lèma sì ti sọ lójú gbogbo ènìyàn, lọ́jọ́ tí wọ́n dá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan padà láti ilé ọkọ, pé ọmọbìnrin tí wọ́n bá lé wá sílé òun, kó máa kọjá lọ síbòmíràn. Níbo ni Odette fẹ́ gbé e gbà? Savalou, níbi tí kò ti mọ ilé Séverin, tí kò mọ̀ bóyá ìyàwó wà nílé ọ̀hún? Ilé ìyá ọkọ rẹ̀ ni ilé kan ṣoṣo tó ní.

Ìyá Évariste ni gbogbo ènìyàn ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ náà. Opó ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ojú rẹ̀ sì mú bí ojú àṣá. Ọmọ méjì ló ní láyé, Évariste tó lọ oko kòkó àti Léonard àbúrò rẹ̀ tó wà nílé. Odette kì í pe Léonard lórúkọ, torí níbi tiwa, ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ, bí ẹni náà tilẹ̀ kéré jù ú lọ. Adúmáadán ló ń pè é, nítorí ara rẹ̀ dúdú, ó sì ń dán. Adúmáadán yìí ló ń la igi fún un, òun ló ń ka lẹ́tà Évariste sí i létí, kò sì fìgbà kan sọ òkò ọ̀rọ̀ lù ú pé kò bímọ. Ẹni tó ṣeé fẹ́ràn ni.

Gbogbo òru tó ṣáájú ọjọ́ náà ni Odette fi ń rò ó. Bó bá gbé òkúta kan sílẹ̀, omi lè mú ọmọ rẹ̀ bó ti mú ti Marguerite. Bó bá gbé méjì, tí ẹnì kan sì rí i, ó parí. Bó bá ní òun ò lọ, wọn á bi í pé kí ló ń ṣe é, torí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí bàráàjì, aláìsàn tí kò lè dìde nìkan ló ń jókòó sílé. Ó fọwọ́ kan ikùn ara rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó ti dúró de ọmọ yìí fún ọdún mẹ́rin, kò sì lè fi í tọrẹ fún omi nítorí ìtìjú. Nígbà tí Ìyá Évariste kan ilẹ̀kùn pé ilẹ̀ ti mọ́, ó ti pinnu pé méjì ni òun máa gbé.

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ yẹn, ojú ò fi bẹ́ẹ̀ ríran jìnnà. Èrò pọ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ nítorí omi gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀, ìròyìn sì ti kàn pé ẹja ń fẹ̀yìn ti ara wọn nínú ìwọ̀nba omi tó kù. Ọkùnrin méje tilẹ̀ ti Paouignan gun kámíọ̀n wá, wọ́n gbé àwọ̀n wá. Bàbá Ignace bá wọn fa ọ̀rọ̀ nítorí ojú àwọ̀n ọ̀kan nínú wọn ti há jù, ó ní ó máa kó ọmọ ẹja lọ. Bí wọ́n ti ń fà á lọ́wọ́, àwọn ènìyàn ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn, Odette na ọwọ́ rẹ̀ láàárín èrò, ó ṣí ìkúùkù, òkúta kéékèèké méjì bọ́ sórí ẹní lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yíjú wo ọ̀tún àti òsì. Bàbá ṣì ń wo ojú àwọ̀n. Ìyá Évariste ń so ìró rẹ̀ mọ́ ìbàdí. Kò sẹ́ni tó ń wò ó, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ fún yín bí wọ́n ti ń pa á. Àwọn ọkùnrin á tò láti òdì kejì, wọ́n á gbá àwọ̀n mú, wọ́n á máa fi ọwọ́ na omi, wọ́n á sì máa lé ẹja bọ̀ níbi tí omi kò ti ju orúnkún lọ. Níbẹ̀ ni àwọn obìnrin wà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tí kò nídìí. Bí ẹrẹ̀ bá ti mì, obìnrin á fi apẹ̀rẹ̀ dé e mọ́lẹ̀ gbì, á ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ lókè, á fọwọ́ wá ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀pìà á máa jà fitafita, àrọ̀ á máa yọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, obìnrin kan ki ọwọ́ lé òjìjí, ẹja tó ń gbọn ènìyàn, ó fò sókè, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ bẹ̀ẹ̀, wọ́n fi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wọn. Odette náà rẹ́rìn-ín. Ó mú àrọ̀ mẹ́fà tó tó apá, ó sì gbàgbé fún bíi wákàtí méjì pé ẹ̀rù ń ba òun.

Kòtò nídìí ògiri, kò sẹ́ni tó súnmọ́ ọn. Wọ́n ti ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ yí i ká.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Odette ti ṣètò bó ṣe máa ṣe é. Á bẹ̀rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo òkúta méjì, á gbá a mọ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, á máa lọ. Ó kù díẹ̀ kó dé ibi ẹní ni Ìyá Évariste bá pè é lẹ́yìn, ó ní kó jọ̀ọ́ bá òun mú ti òun, ẹ̀yìn ń dun òun, òun ò lè bẹ̀rẹ̀. Èrò ti tú ká nígbà yẹn. Bàbá Ignace kò ní ẹni tó ń bá jà mọ́, ojú rẹ̀ wà lórí ẹní gbangba. Odette bẹ̀rẹ̀. Ó mú òkúta kan, ó mú ìkejì.

"Tìrẹ, ti ìyá rẹ," ni Bàbá Ignace wí, ó ń kà á. "Ó pé méjì. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Kí ló fẹ́ ṣe? Kó tún mú ẹ̀kẹta lójú bàbá? Ó rọra gbé ọwọ́ kúrò. Ó ju méjèèjì nù, ó lọ dúró síbi tí ẹja rẹ̀ wà, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ẹlòmíràn á ṣèèṣì mú méjì. Ẹ wo irú ìrètí tí ènìyàn ń dì mú nígbà tí ọ̀nà bá há.

Kò sẹ́ni tó ṣèèṣì. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn jáde, Bàbá Ignace wo ẹní, ó gbé e, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún wò ó. Ó gbé òkúta kan sókè, gbogbo ènìyàn sì rí i.

"Ọ̀kan ló kù," ni bàbá wí. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ le.

Ariwo sọ. Ìyá kan ń pe ọmọ rẹ̀ tó dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá ní kí wọ́n dákẹ́, kí ilé kọ̀ọ̀kan dúró lọ́tọ̀, kí olórí ilé pe àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pè é láti Gbaffo dé Lèma, gbogbo ènìyàn dáhùn. Ìgbà náà ni ẹnì kan rántí àwọn ará Paouignan. Àwọn yẹn ti bá kámíọ̀n ọ̀sán lọ, méje ni wọ́n wá, ṣùgbọ́n ta ló ka iye tó lọ? Ẹnì kan ní mẹ́fà lòun rí. Ẹlòmíràn ní méje ni, ó dá òun lójú. Ọkùnrin kẹta ní òun rí ọ̀kan nínú wọn tó ń yọ́ lọ sídìí ògiri lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn ènìyàn ń fi ẹni tí òjìjí gbọ̀n rẹ́rìn-ín. Ó ní òun rò pé ó fẹ́ lọ tọ̀ ni.

Odette gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ lè ní kí ló dé tí kò kàn sọ pé ọwọ́ òun ló ṣì, pé òun ṣèèṣì gbé méjì sílẹ̀ ni. Ta ló máa gbà? Kò sí obìnrin kan níbẹ̀ tó máa gbọ́ òkúta méjì tí ojú rẹ̀ ò ní kọ́kọ́ lọ sí ikùn ẹni tó sọ ọ́. Odette wo Ìyá Évariste. Ìyá ń wo omi.

Bàbá Ignace ní ẹrẹ̀ kì í tètè pa ènìyàn, pé ó lè jẹ́ pé ẹni náà ṣì ń mí nínú esùsú tó wà lábẹ́ ògiri, kí wọ́n má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Ta ló máa wọ̀ ọ́? Àwọn ọkùnrin wo ojú ara wọn. Léonard bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Òun ló ga jù níbẹ̀, òun ló sì wọ kòtò náà nígbà tí wọ́n fa Zéphirin jáde, ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n so okùn màlúù mọ́ ọn nídìí, ọkùnrin mẹ́rin gbá ìdí okùn mú.

Odette bẹ̀rẹ̀ sí ka "Mo kí ọ, Màríà" lábẹ́ ẹnu, ó ń kà á, kò mọ ibi tó dé. Ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé Adúmáadán á wọ̀ ọ́, kò ní rí nǹkan kan, á jáde. Wọ́n á ní ará Paouignan kan ló gbàgbé òkúta rẹ̀. Wọ́n á lọ sílé. Ó kàn ní láti dákẹ́ ni. Dídákẹ́ kò pa ènìyàn rí, ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé irọ́ ni.

Ẹrẹ̀ mu Léonard dé itan, ó mu ún dé àyà. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kiri bí ẹni tó ń wá ohun tó bọ́ sọnù nínú ilé tó ṣókùnkùn. Ó dúró lójijì. Ó ní nǹkan kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, ó gùn, ó ń yọ̀ bí apá ènìyàn. Obìnrin kan bú sẹ́kún. Léonard mí kanlẹ̀, ó rì, ó pẹ́ nísàlẹ̀ débi pé àwọn tó di okùn mú bẹ̀rẹ̀ sí fà á, kó tó yọ orí pẹ̀lú gbòǹgbò igi kan lọ́wọ́. Ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún rì lẹ́ẹ̀kejì, okùn há sábẹ́ ìtì igi, wọ́n fà á títí kó tó tú. Nígbà tó yọ, ẹrẹ̀ ti dí ihò imú rẹ̀, ó ń wú ikọ́, ètè rẹ̀ ti funfun.

Àwọn kan ní ó tó, kó jáde, ilẹ̀ ti ń ṣú lọ. Léonard ní ó ku igun kan tí òun ò tíì dé, lábẹ́ ògiri gan-an, okùn ò sì jẹ́ kí òun débẹ̀. Ó ní bí ẹni náà bá jẹ́ àbúrò ẹnì kan ńkọ́? Ó tú okùn kúrò nídìí ara rẹ̀.

Odette rí i tó tú u. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń bá ara rẹ̀ sọ dá lójijì. Ẹ̀rù tó ń bà á láti òwúrọ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n òmíràn tó tóbi jù ú lọ ti gùn ún lórí. Ó sáré dé etí ẹrẹ̀.

"Léonard!"

Gbogbo ènìyàn yíjú sí i, torí wọn ò gbọ́ rí kí ìyàwó ilé pè é bẹ́ẹ̀. Léonard náà gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀, ẹrẹ̀ mu ún dé ọrùn.

"Kí wọ́n fà á jáde," ni Odette wí. "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Òkúta yẹn, tèmi ni."

Bàbá Ignace ní ó ti mú tirẹ̀, òun rí i.

"Méjì ni mo gbé sílẹ̀ láàárọ̀."

Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin gbọ́, ojú wọn sì ṣe ohun tó ti mọ̀ pé ó máa ṣe. Ẹnì kan sọ nǹkan kan lábẹ́lẹ̀ nípa Évariste àti Ìbàdàn. Odette dúró, ó di ọwọ́ mọ́ ikùn, ó ń retí kí ilẹ̀ lanu. Kò rójú bojú wo ẹ̀yìn níbi tí ìyá ọkọ rẹ̀ wà.

Ṣùgbọ́n kò sáyè ẹjọ́ nígbà náà, torí Léonard kò lè jáde. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, bó ti ń jà ni ó ń rì sí i. Ẹrẹ̀ ti dé àgbọ̀n rẹ̀, ó gbé ojú sókè. Wọ́n ju okùn sí i, kò kàn án, ó ti kúrú. Ìgbà náà ni Ìyá Évariste tú ìró òkè kúrò lára rẹ̀, ó jù ú síwájú àwọn obìnrin tó kù, ó ní kí wọ́n so ó. Wọ́n tú gèlè, wọ́n tú ìró, wọ́n ta á ní kókó mọ́ okùn. Àwọn yòókù da apẹ̀rẹ̀ wọn dé sórí ẹrẹ̀, wọ́n tò ó bí ẹní tí a tẹ́ títí dé iwájú, ọkùnrin méjì sùn lórí rẹ̀, wọ́n rá lọ, wọ́n sì fi aṣọ náà gba abẹ́ apá Léonard. Wọ́n kígbe sí àwọn tó wà létí ẹrẹ̀ pé kí wọ́n fà á.

Gbogbo ènìyàn fà á, ọkùnrin, obìnrin. Odette di aṣọ mú, ó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ó ń fà á pẹ̀lú omijé lójú. Ó mọ ẹni tó di aṣọ mú lẹ́yìn òun láìwò ó, ó gbọ́ èémí rẹ̀ ní ẹ̀bá etí.

"Mo rí ọ láàárọ̀," ni Ìyá Évariste wí, Odette nìkan ló sì gbọ́ ọ.

Odette ń fa aṣọ lọ.

"Òkúta méjì. Mo rí i. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni nínú kòtò yẹn. Ọmọ mi wọ ibẹ̀ lójú mi, mo pa ẹnu mọ́, kí wọ́n má baà fi Évariste ṣe ẹlẹ́yà." Ó tún aṣọ gbá mú. "Ìwọ lo sọ̀rọ̀. Èmi ò sọ ọ́. Fà á."

Wọ́n fà á. Ẹrẹ̀ ń dún bí ẹni tó ń fa ọbẹ̀ mu, kò fẹ́ tú u sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó tú u lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn sì ṣubú lé ara wọn lórí. Wọ́n wọ́ Léonard gba orí apẹ̀rẹ̀ dé ilẹ̀ gbígbẹ. Ó dojú bolẹ̀, ó bì, ó tún bì. Bàbá Ignace kúnlẹ̀ tì í, ó ń fi ìka nu ẹrẹ̀ kúrò létí rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mí. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ létí omi, kò sí ọ̀kan tó wọ etí Léonard yàtọ̀ sí orúkọ rẹ̀.

Ó jókòó. Ó wò yíká, ó rí àwọn obìnrin tí wọ́n wà pẹ̀lú tòbí nìkan lára, ó rí i pé kò sẹ́ni tó ń wo omi mọ́. Odette ni gbogbo wọn ń wò.

"Ẹni tó wà nínú omi ńkọ́?" ni ó bi wọ́n. "Ṣé ẹ rí i?"

Ọkùnrin tó jókòó tì í yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá Ignace wo ilẹ̀. Obìnrin kan fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún un ní ìgúnpá. Odette dúró níbi tó wà, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi lé e lọ.

Ìyá Évariste nu ojú ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Ó dìde, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Odette, ó sì dì í mú ní apá níṣojú gbogbo wọn.

"A ti rí i," ni ó wí. "Ó wà láàyè. Dìde, jẹ́ ká máa lọ sílé."